Níbo ni Ìjì ti ń Rí Agbára?

Ìjì tí ń ṣí páànù lórí ilé, tí ń da àgbàdo dùbúlẹ̀, ta ni ó fún un lágbára? Oòrùn ni.

Ẹ wo aṣọ tútù tí a sá. Oòrùn ń pa á, omi inú rẹ̀ ń lọ sókè. Ó ti di ooru tí ojú kò rí. Ṣùgbọ́n ìgbóná tí ó gbé omi náà kò ṣègbé. Inú ooru náà ni ó fara pamọ́ sí. Ó sì pọ̀ gan-an. Ìgbóná tí ń mú omi híhó gbẹ tán nínú ìkòkò ju ìlọ́po 5 èyí tí ó mú un hó lọ. Ẹ bi àwọn obìnrin tí ń se iyọ̀ létí òkun bí igi ṣe ń tán!

Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ṣe ń gbé omi òkun. Afẹ́fẹ́ á gbé ooru náà wá sí Àjàṣẹ́, dé Kétu, dé Ṣábẹ. Bí ó bá gòkè, á bá òtútù pàdé, á padà di omi. Ìkùukùu nìyẹn. Ìgbóná tí ó fara pamọ́ á jáde, á mú afẹ́fẹ́ inú ìkùukùu gbóná, á fúyẹ́, á máa sáré lọ sókè. Òjò tí ń bọ̀ nílẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ tútù wálẹ̀ tagbára-tagbára. Òun ni ìjì tí ń ṣáájú òjò. Mànàmáná náà, ara agbára oòrùn ọ̀hún ni.

Ìjì ńlá wa sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá. Bí ibẹ̀ bá ṣú, tí atẹ́gùn tútù sì fẹ́ lù yín, ẹ kúrò lábẹ́ igi, ẹ tètè wọlé.