Ìwé Adójútòfò fún Arìnrìn-àjò



Ìyá kan nínú ìjọ wa tọ̀ wá wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó ń lọ sí London láti lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Fọ́ọ̀mù adójútòfò ni, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní inṣọ́ránsì. Wọ́n bi í níbẹ̀ bí ó bá ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí ó kọ “Rárá”, kí owó lè dínkù. “Fadá, ẹ dákun, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

Irọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni irọ́. Èyí kò gbà wá ní àkókò. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí Màmá mọ ẹni tí irọ́ náà yóò pa lára. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè béèrè ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá rí i pé ó fi àìsàn pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀. Ẹni tí ó sọ òtítọ́ lè san owó lé e, tàbí kí wọ́n wí fún un pé àwọn kò ní dáhùn fún àìsàn yẹn. Ìyẹn pàápàá sàn, nítorí yóò lè wá ilé iṣẹ́ mìíràn kí ó tó wọ bàálù.

Ìlú Ọba kò fi dandan mú àlejò ra ìwé yìí kí ó tó gba físà, àwọn kan sì rò pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú níbẹ̀. Ní England, wọn kì í gba owó ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá àlejò láti Nàìjíríà dúró sí wọ́ọ̀dù, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí ìjọba kà sí ìtọ́jú náà ni yóò san. Gbèsè tí ó bá tó 500 pọ́n-ùn lè dí físà mìíràn lọ́wọ́.

Ti ẹni tí ń lọ sí Róòmù tàbí Lourdes yàtọ̀. Láti 2004 ni àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ti sọ ọ́ di òfin: ìwé náà kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò, kí ó kárí gbogbo ọjọ́ ìrìnàjò, kí ó sì kan gbígbé aláìsàn padà sílé, àti ikú pẹ̀lú. Ẹ má bínú pé a dárúkọ ikú fún arìnrìn-àjò. Àwa tí a ti gbé igbá owó kiri nínú ìjọ nítorí òkú tí ó há sí òkè òkun, a kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí bò.

Ọ̀pọ̀ a máa ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, kí ẹ́ḿbásì sáà ti rí i. Ẹ bi wọ́n ní iye tí ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ san kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ orí tí wọn kì í gbà kọjá. Nọ́ńbà tẹlifóònù pàjáwìrì wà nínú ìwé náà. Kí ó wà nínú àpò, kí ó má ṣe wà nínú báàgì tí a tì pa, kí ẹni tí ẹ ń lọ bá náà sì ní i.

Màmá kọ “Bẹ́ẹ̀ ni”. Owó náà lé sí i. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bínú sí wa díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni ó san án.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.