Oògùn Àtọ̀gbẹ Nínú Ìrìn-àjò Òfuurufú

Láti ìgbà tí a ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń gbéra níbẹ̀ lọ wọ bàálù n'Ìkẹjà. Kò ṣe kí alátọ̀gbẹ tí ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì má sí láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo bá wá.

Níbo ni kí ó fi oògùn rẹ̀ sí? Ẹlòmíràn yóò ní inú àpótí ńlá tí ń lọ sí ikùn ọkọ̀, kí ọwọ́ òun lè fúyẹ́. Àṣìṣe tí ó lè gbẹ̀mí ẹni nìyẹn. Òtútù ibẹ̀ lè mú kí ínsúlíìnì dì bí yìnyín. Bí ó bá yọ́ tán, ojú lè má rí ìyàtọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ agbára rẹ̀ ti bàjẹ́. Aláìsàn yóò máa gún un, ṣúgà yóò sì máa ga sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A kò tíì sọ ti àpótí tí ó ṣìnà.

Ọwọ́ ẹni ni kí ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀, àti ṣúgà díẹ̀ fún ìgbà tí ara bá ń gbọ̀n, wà. Kí wọ́n sì tó ìlọ́po méjì ohun tí a ó lò. Òfin tí ó jáde ní 2006 lórí ohun olómi tí ó bá ju mílílítà 100 lọ kò de oògùn aláìsàn. Kí lẹ́tà dókítà ṣáà wà níbẹ̀, kí orúkọ inú rẹ̀ sì bá ti ìwé ìrìnnà mu. Àwa tí a ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fi ọkàn sí èyí.

Ooru pẹ̀lú ń ba oògùn yìí jẹ́. Láti Àgọ́-Ìwòyè gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù dé Ìkẹjà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè dá ọkọ̀ dúró sínú oòrùn fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má fi í sínú búùtù. Ẹ má sì jẹ́ kí yìnyín kàn án. Aṣọ rírin tí a wé mọ́ àpò rẹ̀ yóò tù ú, gẹ́gẹ́ bí àmù ti ń mú omi tutù.

Nínú bàálù, ẹ má gún abẹ́rẹ́ oúnjẹ títí oúnjẹ yóò fi dé iwájú yín. Òórùn ìrẹsì kì í ṣe ìrẹsì: ìjì lè dá àwọn agbáwo dúró. Ìrìn-àjò London kò le, nítorí aago wọn kò ju wákàtí kan lọ sí tiwa. Ti New York ni ó gba ìrònú, nítorí ọjọ́ a fi wákàtí 5 tàbí 6 gùn sí i. Iye tí a ó gún lọ́jọ́ náà, àti àkókò rẹ̀, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé.