Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Abẹ́òkúta



Wọ́n máa ń sọ pé bí ìlú kékeré yóò bá dàgbà, kí ìjọba la títì ńlá. A kò lòdì sí i; orí títì ni púpọ̀ nínú wa ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú wa ti rí.

Ní ọdún 1978 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Mòwé àti Ìbàfò, tí wọ́n jẹ́ abúlé tẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, di ìlú ńlá, nítorí pé wọ́n wà létí títì, ọkọ̀ sì ń dúró níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò lè san owó ilé l'Ékòó ló lọ ń gbé ibẹ̀.

Ẹ wá yà ní Mòwé, kí ẹ forí lé ìhà Ọ̀fàdà. Ta ni kò mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà? Ṣùgbọ́n bí òjò bá sọ ọ̀nà oko di ẹrọ̀fọ̀, èrè àgbẹ̀ a wọ owó ọkọ̀, èrè awakọ̀ a wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, òṣìṣẹ́ tí ó ra oúnjẹ náà ni yóò sì san gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ojú irin ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí rí. Ní 1901 ni ó ti Èkó dé Ìbàdàn. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, bí Ìfọ̀, ni ọjà ti dìde. Ibi tí ó sáré kọjá, ariwo rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń ṣírò owó títì ńlá, kí wọ́n ṣírò ti ọ̀nà oko, gọ́tà àti ibùdókọ̀ mọ́ ọn. Títì márosẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀nà abúlé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kí ẹnì kan má ti ẹrù rẹ̀ sí ẹnì kejì lọ́rùn.

Iṣẹ́ tiwa nìyí: kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ fún akọ̀wé ẹ̀ka ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ lójú ibi tí ó ń ná. A ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì jọ gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Abúlé tí kò rí ọ̀nà jáde sí títì, títì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.