"RÁRÁ" NI WỌ́N FI LÉ ṢỌ́JÀ LỌ



Sinimá kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. "No" ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni "Rárá". Pablo Larraín ló ṣe é ní ọdún 2012. Ilẹ̀ Chile, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má pè é ní eré lásán o. Orí òótọ́ ni wọ́n gbé e kà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, Ọ̀gágun Pinochet fi ìbọn gba ìjọba. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Àwọn mìíràn wà tí ẹbí wọn kò rí òkú wọn sin títí di òní. Nígbà tó di 1988, ó ní kí ará ìlú dìbò: ṣé kí òun tún ṣe ọdún 8 sí i? Bẹ́ẹ̀ ni àbí Rárá?

Wọ́n fún àwọn alátakò ní ìṣẹ́jú 15 péré lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 27. Àwọn ti ìjọba náà gba 15 tiwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀tàn ni, pé wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀.

Nínú sinimá náà, wọ́n pe ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ ìpolówó ọjà, René Saavedra. Àwọn àgbà òṣèlú fẹ́ kí ó máa fi ìyà àti ikú nìkan han aráyé. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà, bí ẹ bá tún dẹ́rù bà á, ilé ni yóò jókòó sí. Ló bá gbé òṣùmàrè jáde, orin, ẹ̀rín, àti ìlérí pé ayọ̀ ń bọ̀. Inú bí àwọn kan. Wọ́n ní ṣé ẹ fẹ́ fi ẹ̀rín bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ ni? Ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ kékeré.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nínú ìpolongo tòótọ́ yẹn, àwọn obìnrin tí ìjọba gbé ènìyàn wọn lọ jáde wá jó. Ijó tọkùnrin tobìnrin ni, àwọn nìkan ló sì ń jó o. Ta ló rí i tí kò mọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀?

Wàyí o, àwọn kan ní Chile bá sinimá náà wí, pé ó gbé gbogbo ògo fún tẹlifíṣọ̀n. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìpolówó kì í dìbò. Àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé ló mú kí ará ìlú forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7. Ní alẹ́ October 5, 1988, ìjọba ń fi èsì falẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn alátakò ti ní aṣojú níbi ìdìbò, wọ́n ti ń ka ìbò tiwọn. Ọ̀gá ọmọ ogun òfúrufú, Matthei, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọba náà, fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé Rárá ló wọlé. Nínú ìbò 100, Rárá ní bíi 56.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dára lọ́jọ́ kan. Pinochet ṣì jẹ́ olórí ṣọ́jà títí di 1998. Ṣùgbọ́n ní March 1990, Patricio Aylwin, ẹni tí ará ìlú dìbò fún, gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní ìbò òun kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ ròyìn Chile fún un. Ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ jáde. Bí ẹ bá sì dìbò tán, ẹ dúró kí wọ́n kà á lójú yín.