Ṣúgà Inú Àwo Ọmọ Ilé-Ìwé

Ọdún 1946 ni Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí òfin oúnjẹ ọ̀sán ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ìjọba àpapọ̀ ti ń sanwó fún ilé-ìwé lórí oúnjẹ tó bá ìlànà mu.

Òfin ọdún 2010 ló wá mú ìlànà náà le sí i: èso àti ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i nínú àwo. Nígbà tó di 2014, ó kan ìpápánu tí wọ́n ń tà fún ọmọ nínú ọgbà ilé-ìwé. Ìpápánu kan kò gbọdọ̀ ju kálórì 200 lọ.

Ṣúgà ló kù. Láti ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, ife mílíìkì kan tí wọ́n fi ṣokoléètì sí kò gbọdọ̀ ní ju gíráàmù 10 ṣúgà àfikún lọ. Ó dára gan-an, àmọ́ ó pẹ́ jù kó tó dé.

Ẹ̀yin òbí wa tó wà ní Houston àti Maryland, òfin fún yín láàyè láti dá sí ètò oúnjẹ ilé-ìwé ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ béèrè.