Gìgísẹ̀ Tó Ń Dun Ni Láàárọ̀

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ẹsẹ̀ ni ẹgbẹ́ sì ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Gìgísẹ̀ nìkan ni mo mú, nítorí ìbéèrè rẹ̀ ló ń dé etí mi jù.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ènìyàn á jí, á sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, àfi bí ẹni pé ìṣó gún un ní gìgísẹ̀. Á máa tiro lọ sí balùwẹ̀. Bó bá rìn díẹ̀, ìrora á dẹwọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó pẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tó sì dìde, ó tún dé nìyẹn. Nítorí pé kò sí egbò níbẹ̀, àwọn kan á ní àwọn ti tẹ nǹkan. Owó tí ènìyàn fi òru mẹ́rin ṣiṣẹ́ fún á wá di owó ètùtù nílé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fowó ṣòfò. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, láti eegun gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka. Òun ló ń di àtẹ́lẹsẹ̀ mú bí ọṣán ṣe ń fa ọrun. Bí a bá ń dúró pẹ́ lórí ilẹ̀ líle, bí ara bá wúwo, tàbí bí bàtà bá pẹlẹbẹ jù, á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti so mọ́ eegun. Lóru á súnkì. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ á wá fà á lójijì. Plantar fasciitis ni àwọn dókítà ń pè é, ẹni ọdún 40 sí 60 ló sì ń bá jà jù. Ẹ wo iṣẹ́ wa náà: nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó, sikiọ́ríìtì, agbálẹ̀. Ìdúró ni gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún kejì, ẹ fọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka rẹ̀ sọ́dọ̀ ojúgun títí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò fi nà. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o lè fi gèlè kọ́ ọ fà. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ara àwọn tó ń ṣe báyìí yá ju ti àwọn tó ń na iṣan ẹ̀yìn ojúgun lọ. Kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìlì tàbí pákó nínú ilé. Bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó ga díẹ̀, ni kí ẹ wọ lọ síbi iṣẹ́. Bàtà aṣọ ẹbí ńkọ́? Ẹ fi jókòó. Ẹ mú èyí tó rọ̀ dání fún ijó.

Yìnyín tí a fi táwẹ́ẹ̀lì wé máa ń dẹ ìrora, ìṣẹ́jú 20 ti tó. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó jẹ́ SS yẹra fún un, torí òtútù lè gbé àìsàn rẹ̀ dìde. Ti omi gbígbóná àti Aboniki, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń tuni lára, kò na iṣan. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má sì ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná rárá. Ó lè bó o kó má mọ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bèèrè ní kẹ́míìsì kó tó lo ibuprofen.

Kì í lọ lọ́sẹ̀ kan. Oṣù la fi ń kà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń sàn láàárín ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá tí ìtọ́jú ilé kò ṣe nǹkan kan, ẹ lọ rí GP yín. Ẹ má dúró rárá bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, bó bá wú tí ibà sì wà níbẹ̀, tàbí bí ẹ bá ṣubú tí ẹ kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni àtọ̀gbẹ, tètè lọ.

Mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi nínà ẹsẹ̀ yìí han òun, kó máa mú gèlè rẹ̀ bọ̀.