Ère Kì Í Dá Sọ̀rọ̀: Àfihàn Iṣẹ́ Ọnà àti Ojú Tó Ń Wò Ó

 

Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Wọn kò sọ pé ojú tó ti rí igi. Igi ni agbẹ́gilére gbẹ́, ṣùgbọ́n igi náà kì í di Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àfi tó bá gun orí oníjó, tí àwọn obìnrin yá a ní ìró àti ọ̀já, tí ìyá ìlù pe ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ṣaworo sì dáhùn. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá ń kọrin lóru, èrò ló ń gbè é. Bó bá ń bá olè wí, olè náà lè wà láàárín èrò. Òǹwòran wà lára iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, kì í ṣe igi nìkan ni wọ́n kà sí, bí kò ṣe orin, ijó àti èdè.

Ẹ wá wo irú ère bẹ́ẹ̀ nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò sí aṣọ, kò sí ìlù, kò sí ẹni tó ń jó. Pépà kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Yorùbá, igi àti ọ̀dà. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó wọlé á wò ó, á ní ó dára, á sì kọjá. Ère kò yí padà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e kalẹ̀ ló sọ òǹwòran di èrò ọ̀nà.

Nítorí náà, àfihàn ju kí ènìyàn to nǹkan kalẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí òǹwòran yóò dúró sí, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí àti ìtàn tí yóò gbọ́.

Ẹ rántí ti Kútọnù. Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Fáransé tí Ọ̀gágun Dodds darí kó ìṣúra ààfin Abomey lọ. Ní oṣù kọkànlá 2021, 26 nínú wọn padà wálé. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n ṣí àfihàn wọn ní ààfin Ààrẹ. Apá kan jẹ́ ti ìṣúra àtijọ́, apá kejì jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní, 34 ni wọ́n. Èèyàn tó lọ wò ó lé ní 200,000. Ọmọ ilé ìwé rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá àti ti àwọn tó ṣì wà láyé nínú ilé kan ṣoṣo, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà kò parí sí ayé àtijọ́.

Síbẹ̀, ojú kì í rí bákan náà. Ère ọba Glèlè, tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán kìnnìún, wà níbẹ̀. Ará Abomey rí baba ńlá rẹ̀ tó ti àjò dé. Ọmọ Kétu rántí 1886, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba yìí kan náà fọ́ ìlú Kétu tí wọ́n sì kó èèyàn rẹ̀ lẹ́rú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ohun tí wọ́n bá pè ní ìṣúra gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ìrántí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè.

Ó ṣeé ṣe. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́, fi bídọ̀ǹ tí wọ́n fi ń gbé epo kpayo ṣe ojú 304, ó tò wọ́n bí ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹrú. Ó fi ohùn àti òórùn sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2007, òǹwòran kò fi ojú nìkan wò ó: etí gbọ́, imú gbóòórùn.

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, ohun mẹ́ta ni ìlú ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí orúkọ agbẹ́gilére wà lára iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Kí àlàyé wà ní èdè Yorùbá, kí ó má jẹ́ Faransé nìkan. Kí wọ́n sì pe Ìyálàṣẹ àti àwọn àgbà kí wọ́n tó to ohunkóhun kalẹ̀, nítorí ohun kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo ojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde lónìí, ọ̀pọ̀ ló ń gbé fóònù sókè, tí kò gbè orin. Fóònù náà lè di àpótí gíláàsì. Ẹ ya àwòrán, kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sápò, kí ẹ gbè orin. Ère kì í dá sọ̀rọ̀. Èèyàn ló ń dá a lóhùn.

Ẹ̀mí yóò ṣe ọ̀pọ̀ ọdún. Àṣẹ.